Nọ́ńbà Tó Mú Bàbá Mi Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé ni ọ̀sán Sátidé tí bàbá mi tún sọ̀rọ̀. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n ní Nyanya, lẹ́bàá Àbújá, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá wọn dùbúlẹ̀. Oṣù méjì gbáko la ò fi gbọ́ ohùn wọn.

Òjò ń rọ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé sì dà bí ojú àlá. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn, mo kọ nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ràn jù sínú ìwé: 142857. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 285714. Ìlọ́po mẹ́ta, ó di 428571. Àwọn nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú rẹ̀ kàn ń tẹ̀lé ara wọn yípo ni, ìkankan ò sọnù. Mo ń kà á sókè títí mo fi dé ìlọ́po mẹ́fà.

"Bàbá, ìlọ́po méje ńkọ́?" N ò retí èsì.

Ètè wọn gbọ̀n. "Ẹẹ́sàn-án," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ẹẹ́sàn-án mẹ́fà."

Màmá mi gbọ́ ọ láti kíṣìnnì. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún. "Ọmọ mi, bi wọ́n ní òmíràn."

Mo ṣe é lórí ìwé kó lè dá mi lójú: 999999 ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi pe orúkọ mi.