Ìka Ràsáàkì Tó Ń Tutù

Ní gbogbo Ìsẹ́yìn, ahunṣọ tó mọ ẹtù hun bíi Ràsáàkì kò pọ̀. Ẹtù dúdú, ojú kì í tètè rí òwú tó bá já nínú rẹ̀. Ìka ni ahunṣọ fi ń mọ̀ ọ́n. Ìka Ràsáàkì kì í sì í tàsé.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1982 ni wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ojúọlápé ní ọsibítù fún un ní oògùn, ó ní ojoojúmọ́ ni kó máa lò ó. Kò pẹ́ tí ìka ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, tó ń funfun lórí, tó sì ń kú. Ó fi òrí pa á, ó yáná, pàbó ló já sí. Òwú ń já, kò mọ̀. Ẹnì kan dá odindi ìdì ẹtù padà fún un, ojú sì tì í gidigidi.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àpọ́nlé, ní kó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó kọ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni Ojúọlápé ti bú ìyá arúgbó kan láàárín èrò, pé àgbo ló ń mu tó fi ń ṣàròyé oògùn. Ta ló fẹ́ kí ọmọ tí òun lè bí lọ́mọ bú òun bẹ́ẹ̀?

Ló bá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kì í jókòó sídìí òfì, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló wá ń lo oògùn. Ìka gbóná padà, iṣẹ́ dán, ó ń fi nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. Ọgbọ́n burúkú gbáà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kọ̀ tó fi ń ti òwú kọjá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí òfì. Ó fẹ́ mú un, apá ọ̀tún kò dá a lóhùn. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Ìyàwó rẹ̀ tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ojúọlápé kò bú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó ní oògùn ọ̀hún a máa fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọmọ ìka pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í débẹ̀ dáadáa, pàápàá nígbà ọyẹ́. Béèyàn bá sì ṣàdédé dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ a ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Òmíràn wà tí kì í mú ìka tutù," ó ní. "Ó wà lórí pẹpẹ níbí. Ká ní Bàbá sọ fún mi ni."

"Nọ́ọ̀sì, ẹnu wo ni kó fi sọ ọ́ fún yín?" Ìyá Àpọ́nlé bi í.

Àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́. Wọn kò sọ ohun tí à á ṣe fún ẹni tó ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́.

Wọ́n gé ẹtù tó ń hun lọ́wọ́ ní àbọ̀ lórí òfì. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àpọ́nlé a máa fi òrí pa ọwọ́ ọ̀tún náà. Ìka rẹ̀ gbóná dáadáa. Kò kàn mọ òwú mọ́ ni.