Ta Ló Ń Jó Ìnfátà ní Ṣọ́ọ̀bù Ọlákìtán?

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Ọlákìtán, ẹ bó láílọ́ọ̀nù kúrò lára nǹkan tuntun tó rà. Àga pálọ̀ rẹ̀ ní Festac ti pé ọdún méjì, láílọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀. Rìmóòtù náà ńkọ́? Bákan náà. "Kó má baà dọ̀tí" ni tirẹ̀.

Ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná, ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kuje tó wà nítòsí Festac, òun àti Henry tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án rè é. Henry ló ń ra transístọ̀ inú rẹ̀ wá láti ọjà Trade Fair, Ọlákìtán ló ń fi skúrù dè é mọ́ irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìpara funfun tó ń jẹ́ kí ooru kọjá ni wọ́n ń fi sáàárín méjèèjì. Lóṣù tó kọjá ni Ọlákìtán ra rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìpara náà. Láti ìgbà yẹn ni ìnfátà Bàbá Akínfẹ́nwá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń jó. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ayédèrú ni Henry ń rà wá! Kò sóhun míì tí Ọlákìtán rò. Tí ọkùnrin náà bá rọra sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á na etí. Lọ́jọ́ kan Henry ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n tún rọ́bà yẹn wò."

Ẹ gbọ́ ọ! Ó fẹ́ ráyè pààrọ̀ nǹkan. "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ìfura loògùn àgbà. Ọlákìtán fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra transístọ̀ ojúlówó, ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dè wọ́n sínú ìnfátà Bàbá, kò sọ fẹ́nì kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá tún gbé ìnfátà dé. Ó tún ti jó.

"Henry, o ti pààrọ̀ wọn! Olè ni ẹ́!"

Níwájú Bàbá ló ti sọ ọ́. Henry gbé báàgì rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọlákìtán tú ìnfátà kó lè fi ẹ̀rí han Bàbá. Àmì pupa pé, ọ̀kan ò dín. Ó ṣí rọ́bà. Láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo rọ́bà náà, tó yẹ kó bó kó tó dè é, ṣì wà níbẹ̀, ó ti yọ́ mọ́ ọn. Ooru ò rọ́nà jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í sílẹ̀, kó má baà dọ̀tí.

"Yéè, mo gbé!" Ó pe Henry. "Henry, jọ̀ọ́, máa bọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Àǹtí, níwájú ta lẹ ti pè mí lólè?"

Ọlákìtán wo Bàbá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó fi fóònù sí sípíkà kí Henry lè gbọ́, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Henry kì í ṣe olè. Èmi ni mo jó ìnfátà yín."