Wòlíì Inú Fíìmù Ṣáínà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì túmọ̀ nínú fíìmù, lọ́sàn-án Sátidé kan, lójú gbogbo ará ilé wa. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ìkọ̀tún ni mò ń gbé. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti sìnrú ìlú, iṣẹ́ ni mi ò tíì rí. Ẹni tó bá ti wà nírú ipò yẹn rí á mọ̀ pé Mọ́ńdè sí Fúráìdé máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èèyàn á kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí, á tún jókòó, á máa retí. Ká má parọ́, Sátidé nìkan ló máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo wà láyé.

Bọ̀dá Kàmórù, tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ló ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa. Òun nìkan ló ní fídíò. Bí iná bá ti wà lọ́sàn-án Sátidé, á ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ayálégbé á rọ́ wọlé. Fíìmù Ṣáínà la máa ń wò. Kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn ń ja kọ̀ǹfú nínú rẹ̀ o. Ti àwọn òkú ni. Òkú á dìde nínú pósí, pẹ̀lú aṣọ ìjòyè lọ́rùn, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á máa fò bọ̀, pọ́ún, pọ́ún, pọ́ún, torí ara rẹ̀ ti gan, orúnkún rẹ̀ ò ká mọ́. Kì í ríran. Èémí èèyàn ló fi ń mọ ibi téèyàn wà.

Nítorí náà, bí àwọn tó wà nínú fíìmù bá ti di imú wọn, gbogbo pálọ̀ náà á di imú. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó lọ́mọ nílé, tó ń lọ síbi iṣẹ́, á fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀, á sì ranjú, títí òkú á fi kọjá.

Ilé wa pín sí méjì lórí àwọn fíìmù yìí. Bàbá Tóyìn, akọ̀wé ọ́fíìsì kan ní Ìkejà tó jẹ́ àtúnbí, sọ pé ohun èṣù ni, pé ẹ̀mí òkùnkùn là ń fọwọ́ ara wa pè wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí Sátidé tí wọn ò ní dúró lójú wíńdò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Bọ̀dá Kàmórù á ní, “Bàbá Tóyìn, ẹ kúkú wọlé kẹ́ ẹ jókòó.”

“Èmi ò wò ó. Mò ń ṣọ́ yín ni.”

Apá kejì ni Ìyá Ṣadé, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ní Ìgàndò. Ní tiwọn, kò sí irọ́ kankan nínú fíìmù náà. Wọ́n á ní ṣé àwọn tó ń bú u ò mọ̀ pé ẹ̀mí wà ni, àbí wọ́n rò pé ojú lásán la fi ń rí gbogbo ayé?

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka Òyìnbó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù, kí n sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn. Òyìnbó ọ̀hún gan-an ò dáa. Lọ́jọ́ kan, òkú kan dìde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé, “Mo ti kú, má ṣe ìyọnu.” Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, pálọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí orúkọ yẹn ṣe rí lára mi. Láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó nílò ìwé ẹ̀rí mi. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mi ò bá tíì dé, wọn kì í bẹ̀rẹ̀.

Ṣadé ló máa ń jókòó tì mí lórí ẹní. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sáré kọjá kí n tó kà á tán, òun ló máa ń sọ èyí tó kù sí mi létí. Bó bá sì di ìgbà tí gbogbo wa di imú, mi ò ní wo òkú mọ́. Mo kàn máa ń mọ̀ pé òun náà ò mí, èmi náà ò mí, àti pé bó bá mí, èmi náà á mí. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Mi ò bi òun léèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, fíìmù tuntun ni. Ọkùnrin kan jáde nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ yẹ́lò gbàgẹ̀rẹ̀, agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbẹ́là ń jó lórí tábìlì rẹ̀. Ó kọ nǹkan sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkú níwájú orí, òkú dúró gbagidi.

Bàbá Tóyìn sọ láti ojú wíńdò pé, “Oṣó ni yẹn.”

“Oṣó wo?” Ìyá Ṣadé ló dá wọn lóhùn. “Ẹ ò rí agogo? Ẹ ò rí àbẹ́là? Ògbufọ̀, kí ni wọ́n pe ọkùnrin yẹn?”

Mo wo ìsàlẹ̀. “Máásítà” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀gá. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ṣadé ti kọjú sí mi, Ṣadé náà ti kọjú sí mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun kan tí màmá yìí á fi fẹ́ràn mi.

Mo ní, “Wòlíì ni wọ́n pè é, mà.”

Ìyá Ṣadé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ṣé Bàbá Tóyìn ti gbọ́ o, àbí kí wọ́n tún un sọ. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo apá ọ̀dọ̀ wọn ń ké sí ọkùnrin náà: “Wòlíì, ó wà lẹ́yìn rẹ o!” Inú mi dùn débi pé mi ò ka ohun tó kàn dáadáa.

Ohun tó kàn ni pé wòlíì wa fa àkùkọ adìyẹ kan yọ, ó dú u, ó ro ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àwo, ó pò ó mọ́ tàdáwà, ó sì ń fi kọ bébà yẹn.

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí mi.

“Wòlíì yín rèé,” ni Bàbá Tóyìn wí. “Mo ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí, ẹ ní mo ń ta ko yín. Ògbufọ̀ ti bá mi tú u fó.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ni àwọn yòókù bá gbà á. Ìyá Ṣadé dìde, wọ́n so ìró wọn le.

“Túnjí.” Wọn ò pè mí ní Ògbufọ̀. “Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì wa lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín èèyàn? Ṣadé, dìde.”

Ṣadé dìde. Bí mo ṣe ń sọ pé “Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé,” wọ́n ti jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Ṣadé ò wá wo fíìmù mọ́. Bá a bá pàdé nídìí kànga, á kí mi, á gbé omi rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá Kàmórù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé mo ti gbọ́ pé wọ́n ti bá Ṣadé rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. “Lọ bẹ ìyá yẹn, jàre. Tó o bá ní nǹkan mìíràn láti sọ, sọ ọ́ mọ́ ọn.”

Ní Sọ́ńdè, mo lọ sí Ìgàndò. Mo dúró níta títí ìsìn fi parí, mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé. Ìyá Ṣadé jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú sùtánà wọn, Ṣadé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní, “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?”

“Ọ̀gá ni, mà.”

“Ọ̀gá ni wọ́n kọ, o wá sọ ọ́ di wòlíì. Kí ló dé?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn fún mi láti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ṣadé gbójú sókè, ó ń wò mí. Mo lanu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ìtumọ̀ ṣe le, pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan lè ní ìtumọ̀ mẹ́rin ní Yorùbá, pé agogo àti àbẹ́là ló tàn mí, pé Òyìnbó àwọn ará Ṣáínà ò dán mọ́rán. Mo sọ ọ́ pẹ́. Nígbà tí mo fi máa parí, Ṣadé ti ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìyá Ṣadé bú sẹ́rìn-ín. “Gbogbo ìwé tó o kà yìí, ọ̀gá lásán lo ò lè túmọ̀? Ó ti tán nínú mi, ọmọ mi.”

Ṣadé sìn mí dé ẹnu géètì. Ó dúró.

“Ìdí yẹn nìkan ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó dáa,” ló wí, ó sì padà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó lọ sí Àkúrẹ́. Mo bá wọn gbé báàgì rẹ̀ dé bọ́sítọ́ọ̀pù. Mo ní kó máa jẹun dáadáa. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi gírájúéètì rí sọ.

Mo ti gba àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́ màmá rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà tó tó méje. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń di ojú ewé márùn-ún, àlàyé ló kún inú wọn, mo sì ń fà wọ́n ya. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ẹyọ gbólóhùn kan: “Ṣadé, kì í ṣe ìdí yẹn nìkan.” Mo buwọ́ lù ú, mo sì lọ fi í ránṣẹ́ kí n tó ní àyè láti fi nǹkan kún un.

Mi ò tíì rí èsì. Bí mo bá gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà lójúde, mo máa ń jáde wò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ̀ kì í tọ́jọ́, àti pé bí ẹni tó o fẹ́ bá bi ọ́ ní “kí ló dé”, òótọ́ ló ń béèrè, kì í ṣe àlàyé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló bi yín léèrè rí, tẹ́ ẹ fún un ní ìdáhùn tí kì í ṣe èyí tó wà lọ́kàn yín? Ṣé ẹ padà sọ ọ́? Ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí èsì ti tẹ̀ lọ́wọ́. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó dé.