Ìdọ̀bálẹ̀ tí Kámẹ́rà Ò Rí

Kòríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Àgbówó ni mò ń sùn. Téèyàn bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn nìyẹn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo ti mu nǹkan. Mi ò mu nǹkan kan o. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù nínú yàrá mi, ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ dáadáa lókè, ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀, màá máa kọ́ àwọn ará Kòríà lóyìnbó. Tí aago mọ́kànlá àárọ̀ bá lù lọ́dọ̀ wa, aago méje alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n á ti jẹun yó. Èmi ò ní tíì fẹnu kan nǹkan kan, torí tí mo bá jẹun ṣáájú kíláàsì, inú mi á máa kùn, ẹ̀rù á sì máa bà mí pé máíkì á gbé e.

"Kí ló dé tóò kúkú lọ síbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ìwé ìrìnnà tiwa ò sí lára èyí tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ tíṣà òyìnbó lọ́hùn-ún. Mi ò sì lọ yunifásítì. Iwájú yunifásítì ni mò ń gbé, ọdún mẹ́ta ni mo fi tẹ pírójẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, ibi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ yẹn náà ni òyìnbó ti wọ̀ mí lára. Ìyókù, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, ọ̀gá mi ò bínú. Wọ́n kàn ń nu gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Àga ẹ wà níbẹ̀ o. Wàá padà wá." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò nínú mi. Kí n padà lọ jókòó sórí àga yẹn, kí wọ́n máa wò mí? Ó sàn kí n máa ta omi ní Ìwó Road.

Oṣù mẹ́ta ni iléeṣẹ́ tó so mí pọ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi ń dán tíṣà tuntun wò. Tí ẹ̀sùn bá pé mẹ́ta lórí ẹ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, wọ́n á ti ẹ́ mọ́ta, kò sí ẹ̀bẹ̀. Èmi ti ní méjì kí oṣù kejì tó parí.

Ariwo ni ti àkọ́kọ́. Ìyá kan wà lójú fèrèsé mi gan-an tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún gbogbo àdúgbò. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ yẹn, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sí iléeṣẹ́ pé ó jọ pé inú ẹ́ńjìnnì ni tíṣà òun ń gbé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń pa máíkì, àbí mo rò pé mo tẹ̀ ẹ́, mo yọrí lójú fèrèsé, mo pariwo:

"Mà, kí ni mo ṣe fún yín gan-an? Ṣé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá ata sínú ọpọ́n. "Èmi náà wà níbi iṣẹ́, ọ̀gbẹ́ni Kòríà. Tó bá jẹ́ ibi tó parọ́rọ́ lò ń wá, lọ gba ilé ní Bódìjà."

Ìgbà tí mo máa yíjú padà, nọ́ọ̀sì tí mò ń kọ́ ti lanu sílẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ìjà. Máíkì ò pa.

Àtìgbà yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Láti aago mẹ́sàn-án ni màá ti máa wo dátà, màá wo bátìrì, màá wo gílóòbù bóyá iná ṣì wà, màá yọjú síta wo òfuurufú torí tí òjò bá ti ṣú, íńtánẹ́ẹ̀tì mi náà á ṣú. Mo máa ń fi ìrọ̀rí dí fèrèsé, yàrá á wá gbóná bíi ti alágbẹ̀dẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni Bàbá kan tí mò ń kọ́ laago mọ́kànlá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn obìnrin bímọ sí Kánádà, ọmọ náà ò gbọ́ èdè Kòríà rárá. Bàbá ò fẹ́ kú láìbá ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́ òyìnbó. Iléeṣẹ́ ní orúkọ ni kí n máa pè wọ́n. Orúkọ kẹ̀? Ẹni tó ju bàbá mi lọ! "Sà" ni mò ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn náà ò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ ríra, wọ́n tẹrí ba fún mi torí tíṣà ni mí. Ara mi bù máṣọ. Èmi náà tẹrí ba, mo lọlẹ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n tún lọlẹ̀ jù mí lọ. Odidi ìṣẹ́jú kan la fi ń ṣe bí alángbá síra wa kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ la sì ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, à ń kọ́ orúkọ àwọn nǹkan inú ilé, ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Bàbá bá ṣí. Ìyá arúgbó kan wọlé, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, irun wọn funfun báláú, wọ́n gbé àwo èso tí wọ́n ti gé dání. Ńṣe ni Bàbá fò dìde. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Tíṣà, ìyá mi rè é."

Ìyá ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún!

Mi ò ronú. Kí n tó mọ̀, mo ti kúrò lórí àga, mo ti nà gbalaja sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì, àyà mi lé sìmẹ́ńtì. "Ẹ kú alẹ́ o, Mà!" Yorùbá ni mo fi kí wọn. Mo wá dúró kí wọ́n dáhùn.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé wa nìyẹn. Tóo bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, wọ́n á dá ẹ lóhùn, wọ́n á ní kóo dìde, kóo tó dìde. Ìgbà kan tí mo wà ní kékeré, mo sáré dìde kí bàbá ìyá mi tó lanu, Mọ́mì mi ní, "Ta ló ní kóo dìde?" Mo padà sílẹ̀. Àtìgbà yẹn, mi ò dán an wò mọ́.

Mo wà nílẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rí bírò tí mo ti ń wá láti oṣù tó kọjá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní lọ́kàn mi, bóyá àwọn àgbà Kòríà kì í tètè dáhùn. Mo ní, àbí mo ti ṣẹ̀ wọ́n? Òógùn ti wọ̀ mí lójú. Mo tún kí wọn, mi ò gbọ́ èsì. Ìgbà tí mo yí orí díẹ̀ báyìí ni mo rí íápíìsì mi tó ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó ti fà yọ létí mi nígbà tí mò ń lọlẹ̀.

Mo fò dìde, mo fi orí gbá tábìlì. Ojú láptọ́ọ̀pù ti funfun. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: tíṣà kò sí níwájú kámẹ́rà, kíláàsì ti parí.

Kí wákàtí kan tó pé, mẹ́sẹ́èjì alábòójútó wa wọlé. Mi ò rí ojú obìnrin yẹn rí, àwòrán òdòdó ló fi síbi fọ́tò ẹ̀. Ó ní ẹ̀sùn kẹta nìyí, mo fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́, wọ́n á wo fídíò ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí n kọ àlàyé wá. Kò sì sí ọ̀nà tí tíṣà lè gbà bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Orí mi gbóná. Mo jókòó, mo tẹ èsì kan tó gùn bí ìwé ẹjọ́, mo bú wọn, mo bú kámẹ́rà wọn, mo ní irú ìlú wo ni wọn ò ti mọ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó sá lọ. Ó ku kí n fi ránṣẹ́. Mo wá rántí nọ́ọ̀sì tó lanu sílẹ̀ yẹn. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo pe Mọ́mì mi ní Mọ́níyà.

Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí. "O dọ̀bálẹ̀ fún fóònù?"

"Láptọ́ọ̀pù ni, Mọ́mì."

"Ah! Ó ga o. Ìyá náà ńkọ́, ṣé wọ́n dá ẹ lóhùn?"

"Mi ò gbọ́."

"Kí lo wá dìde sí?"

"Mọ́mì, wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́!"

"Mo gbọ́, má pariwo mọ́ mi létí. Ṣé o jalè ni? Sọ bó ṣe rí fún wọn."

Mo sọ bó ṣe rí. Ìlà mẹ́rin péré. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èsì ò dé. Ọjọ́ Ìsìnmi, àwọn aláṣọ funfun ẹ̀yìnkùlé wa ń lu agogo, mo dùbúlẹ̀, mo ń ṣí fóònù, mo ń pa á. Ojú ọ̀gá mi àtijọ́ ni mò ń rí, tí wọ́n ń nu gíláàsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ìyá tó ń lọ ata. Mo dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n wò mí títí. "Ọ̀gbẹ́ni Kòríà, ṣé ara ẹ yá?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, láago mọ́kànlá òní nìkan."

"Dìde ńlẹ̀. Màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí kọ́sítọ́mà bá ti ń pariwo, mi ò ṣèlérí o."

Aago mọ́kànlá lù. Mo tẹ̀ ẹ́, kíláàsì ṣí. Àwòrán òdòdó yẹn wà ní kọ̀rọ̀ kan lókè, alábòójútó ti wà níbẹ̀ tó ń wò wá. Ìyá arúgbó ló jókòó sáàárín, lórí àga, nínú aṣọ tó jọ aṣọ òde. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n mú bébà dání. Wọ́n ń ka òyìnbó orí ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kún fún àṣìṣe, mi ò tún ìkankan ṣe.

Wọ́n ní iléeṣẹ́ bi àwọn bóyá àwọn fẹ́ pààrọ̀ tíṣà. Àwọn ní kí iléeṣẹ́ fi fídíò han àwọn ná. Wọ́n wá rí i pé tíṣà ò sá lọ, ilẹ̀ ló lọ. Wọ́n ní àwọn náà máa ń lọlẹ̀ fún àgbà tí ọdún tuntun bá dé. "Ìyá mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn lò ń kí. Wọ́n ní ọmọ kan ti kí àwọn láti ọjọ́ Ẹtì, àwọn ò tíì dáhùn, ọkàn àwọn ò balẹ̀. Jọ̀ọ́, tún un ṣe."

Mo yọ íápíìsì, mo gbé láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo dà á kọjú sí mi. Ìgbà tí mo máa rántí pé ṣòkòtò péńpé ni mo wọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo nà gbalaja. "Ẹ kú alẹ́ o, Mà."

Ìyá lanu kí wọ́n sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ata bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àyà mi. Mo di ọwọ́ mi, mo di eyín mi. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, mo ti wà lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ní kí n dìde. Mo ń wo òdòdó yẹn láti ilẹ̀, mo ní ó ti parí nìyẹn.

Ìyá bi ọmọ wọn ní nǹkan kan. Bàbá kígbe sí mi: "Ìyá mi ní kí ló ń dún?"

"Ata ni, Sà! Wọ́n ń lọ ata!"

"Èyí tó pọ́n?"

"Èyí tó pọ́n, Sà!"

Bàbá sọ fún wọn. Ojú ìyá là. Wọ́n fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń da nǹkan sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Bàbá ní ìyá ní lílọ ata làwọn fi tọ́ òun àtàwọn àbúrò òun ní abúlé àwọn. Ìyá wá na ọwọ́ wọn sí mi, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn, ohùn wọn lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò gbọ́ ọ̀kankan níbẹ̀. Mo ń ṣe àmín ṣá, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní kóo dìde," Bàbá wí.

Mo dìde. Eruku wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi, ẹ̀rọ ò tíì dákẹ́. Mo ń gbé láptọ́ọ̀pù padà sórí tábìlì ni mẹ́sẹ́èjì òdòdó wọlé: "A ti pa ẹ̀sùn kẹta rẹ́, ó ku méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kò fẹ́ pààrọ̀. Jọ̀wọ́, máa wọ ṣòkòtò gígùn."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wá wo bátìrì.