Ọ̀dà Funfun Lára Ògiri Lazaret

Mo rántí ọdún tí mo di bàbá onílé ní Niamey, tí mo ń yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni tó joyè. Èrè aṣọ tí mo ń tà ni mo fi kọ́ ilé alámọ̀ oníyàrá méjì sí àdúgbò Lazaret. Ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ nílùú nígbà yẹn, gbogbo wọn ló ń ṣèlérí kiri àdúgbò. Èmi náà ò gbẹ́yìn, mo ń ṣèlérí fún ayálégbé mi.

Olùkọ́ obìnrin kan ni. Niamey ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, bíi tèmi. Òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ló fẹ́ gbébẹ̀. Ó mú ìwé kan wá pé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Bàbá, kọ̀ǹtírà ni, ìwé àdéhùn ilé. Ó ní onílé ló máa tún ilé ṣe tó bá bàjẹ́."

Háà! Inú bí mi. "Ìwé kẹ̀? Àjèjì là ń kọ̀wé fún! Ṣé àjèjì ni mí ni?"

Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ká ìwé rẹ̀ sápò. Inú mi dùn pé mo kọ́ olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Òjò dé, ògiri yàrá ìyá rẹ̀ là láti òkè délẹ̀. Ó wá bá mi ní ìsọ̀. Mo gbàdúrà gidi fún un: "Ilé ò ní wó lù wá, lágbára Ọlọ́hun."

"Àmín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń wọ inú ẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Tèmi lanu, aláǹgbá wọ̀ ọ́, ó tún ń bímọ síbẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo ṣe gudugudu méje: mo ra ọ̀dà funfun, mo fi kun ojú ibẹ̀. Ilé wá ń dán gbinrin!

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ògiri náà wó lu ìyá níbi tó ti ń sinmi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Itan rẹ̀ kán. Ní ọsibítù, mo tún ya ẹnu àdúrà. Olùkọ́ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Ojú tì mí dé ìpọ̀nrí.

Òfin wà tó lè fi mú mi. Ìyá rẹ̀ ló ní kò gbọdọ̀ gbé mi lọ sílé ẹjọ́, pé ará ilé ni mí. Mo fi sìmẹ́ǹtì tún ògiri náà mọ. Ọjọ́ méjì péré ló gbà.

Ìyá náà ń tiro títí dòní. Bó bá rí mi lọ́nà mọ́sálásí, òun ló máa kọ́kọ́ kí mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ì bá kúkú máa bú mi.