Atẹ́gùn Ìgbà Sìmẹ́ǹtì

Bàbá Táìsì kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Bí ó bá tẹ́ táìsì sí ilé kan, tí ọ̀kan fi ìwọ̀n irun orí ga ju èkejì lọ, yóò hú u, yóò tún un tẹ́, bí onílé tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé ó ti tó. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kó àpò sìmẹ́ǹtì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó tú pákó ẹrù kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì de àga onítìmùtìmù mọ́ ọn fún ìyàwó rẹ̀.

Láìpẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó náà ní ìbàdí. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ sílé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè máa na ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹsẹ̀ náà yóò gan. Ọkọ̀ èrò sì ga jù fún un láti gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi alùpùpù náà ti ìrìn kejì dé, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ní òun ò lọ mọ́.

“Ọ̀nà ló burú,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Ọ̀nà kọ́ o. Baálé mi, ẹ̀yin náà ẹ lọ jókòó sẹ́yìn, kí ìdí yín gbọ́ ìròyìn tí ìdí mi gbọ́.”

Bàbá Táìsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó bẹ Àǹtí Fọkanáísà, obìnrin tó ń lẹ táyà ní ìkòríta, pé kó wa òun. Kòtò àkọ́kọ́ ni wọ́n kó sí tí bàbá fi kígbe.

“Yéè! Dúró, dúró!”

“Bàbá, a ò tíì débi tó burú o.” Àǹtí sọ̀ kalẹ̀, ó gbá táyà ẹ̀yìn, ó le bí òkúta. “Ta ló fún èyí ní atẹ́gùn?”

“Èmi ni. Bí mo ṣe máa ń fún un nìyẹn.”

“Láti ìgbà sìmẹ́ǹtì? Bàbá, àpò mélòó ni màmá?”

Bàbá Táìsì fi ọwọ́ tẹ táyà náà wò. Ó ti pààrọ̀ àga, kò pààrọ̀ atẹ́gùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú táyà gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń dín atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn méjèèjì kù díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n wọ́n, títí wọ́n fi dọ́gba, kí alùpùpù má baà máa fà sápá kan. Ó wá kan ṣọ́ọ̀kì, irin méjì tó ń gba jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra. Atẹ́gùn ló wà nínú wọn. Páǹpù ọwọ́ ló sì lò, torí ẹ̀rọ ńlá lè bẹ́ rọ́bà inú wọn. Ó kọ́kọ́ dín atẹ́gùn wọn kù jù: nígbà tí Àǹtí wà á dé kòtò, ìdí àga kanlẹ̀, gbì! Ó fún wọn díẹ̀ sí i, ó tún padà jókòó sẹ́yìn.

“Bàbá, ẹ ò mọ̀ pé mo níṣẹ́ ni?” Àǹtí bi í.

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Nígbà tó yá, wọ́n kọjá lórí kòtò náà, àga kàn mì jẹ́jẹ́ ni.

Lọ́jọ́ ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ fi ìkanra jókòó, ó di irin mú, ó dijú pinpin.

“Ẹ sọ fún mi tá a bá ti fẹ́ dé kòtò yẹn.”

“A ti kọjá ẹ̀ tipẹ́.”

Ó la ojú, ó wẹ̀yìn, ó tú ọwọ́ lára irin.

“Ẹ tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀ nígbà náà. Ṣé ẹ fẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa retí mi títí ni?”