Ta Ló Bó Ọsàn fún Àwọn Ọmọ inú Àwòrán?

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹ lè ní ọ̀fọ̀ ló ń da bàbá yìí láàmú. N kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlá, n kò sì fi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ tí èmi àti Ràbì, ìyàwó mi, jọ lò kẹ́yìn nínú ilé wa ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, ó bó ọsàn fún mi. Bí wọ́n ṣe ń bó o nílé ló ṣe máa ń bó o: èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní já títí yóò fi tán, funfun rẹ̀ á kù lára, á wá gé e lórí kí n lè mu ún. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò fọwọ́ ara mi bó ọsàn rí.

"Tíṣà, ẹ mu ún kó tó gbẹ," ló wí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí a tó wá sí ìlú yìí. Orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀bù àlòkù ní Catford ni Ràbì ti rà á. Ará Rọ́ṣíà kan ló yà á láyé àtijọ́: ọmọ mẹ́ta jókòó yí tábìlì ká nínú yàrá kan, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bà lé irun wọn. Abọ́ tó wà níwájú wọn ṣófo. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbíkẹ́yìn.

Àwa kò bímọ. Ràbì máa ń kí wọn láràárọ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ jí dáadáa?"

Èmi á ní, "Wọn ò gbọ́ Yorùbá o."

"Wọ́n á gbọ́ tó bá yá."

Tí a bá fẹ́ kírun, á yí wọn kojú sí ògiri. Ó ní máláíkà kì í wọ yàrá tí àwòrán ti ń woni.

Ní ọjọ́ kejì ọsàn yẹn, ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Kò padà wálé.

Lẹ́yìn àdúà fídáù, àbúrò rẹ̀, Múní, ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Aunty mọ̀ pé àìsàn yẹn ò ní gbóògùn. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni dókítà ti sọ fún wọn. Aunty ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

"Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Ẹ gbà mí gbọ́, ikú pàápàá kò dùn mí tó yẹn. A jọ jẹ sààrì ní gbogbo ààwẹ̀ náà, ojú kojú. Ó tilẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Mo wá rántí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níwájú àwòrán yẹn, tí á dákẹ́ bí mo bá wọlé. Eré ni mo pè é. Àwọn ọmọ inú ọ̀dà mọ̀, èmi ọkọ rẹ̀ kò mọ̀.

Múní lọ síbi iṣẹ́. Ó ti yí àwòrán kojú sógiri nítorí àwọn àáfà, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Àkókò Alásárì tó, mo tẹ́ ẹní. Ní ìforíkanlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó sọ ìdí tó fi ṣe mí báyìí.

Mo sálámà sí ọ̀tún. Obìnrin kan dáhùn.

Ohùn Ràbì ni.

Mo sálámà sí òsì. Àwọn ọmọdé ló dáhùn, bí ọmọ ilé-kéwú tó ń fi ẹ̀rín pamọ́. Ara ògiri ni ohùn wọn ti ń jáde.

N kò sá. Ta ni mo fẹ́ sá fún, ìyàwó mi? Mo dìde, mo yí àwòrán náà padà.

Àga yẹn kò ṣófo mọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lo ìborùn Ràbì tí a ti fi ṣe sàráà. Ọsàn wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, funfun lára, gígé lórí. Àbíkẹ́yìn ń fa tirẹ̀ mu. Níbo ni ọmọ Rọ́ṣíà ti kọ́ bí a ṣe ń mu ọsàn?

"Ràbì," mo wí jẹ́jẹ́. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Kò yíjú. "Ẹ rọra, Tíṣà. Ẹ ó dẹ́rù ba àwọn ọmọ."

Ó na ọwọ́, ó nu àgbọ̀n àbíkẹ́yìn.

Nígbà tí Múní tún wá lọ́jọ́ kejì, àga ti tún ṣófo. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé ló gbóòórùn ọsàn.

"Bọ̀dá, ta ló bó ọsàn níbí?"

Èèpo kan ká sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò já níbì kankan. Kò sí ọsàn kankan nínú ilé. Múní gbé e, ó jù ú sí bíìnì. Ó ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Èmi náà fi èyí pamọ́ fún un.

N kò tíì bi àáfà kankan. N kò mọ ohun tí n ó pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àwòrán ọmọdé tí àga kan ṣófo láàárín wọn, ẹ má gbé e wọlé. Bí aya yín bá sì ń bá a sọ̀rọ̀, tó dákẹ́ nígbà tí ẹ wọlé, ẹ béèrè ohun tó ń sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lánàá mo ra ọsàn ní ọjà Rye Lane. Mo mú ọ̀bẹ Ràbì, mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Èèpo já, ó tún já. Ọ̀bẹ gé mi ní àtàǹpàkò, omi ọsàn ta mí.

Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

N kò yíjú. Mo bó o tán, mo gé e lórí, mo sì mu ún.